Ihò Èèkàn Méjì

Èèkàn tí Àmínátù fi ń so ewúrẹ́ rẹ̀ kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Igi lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ọdún kẹrin tí a ti sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ní Dahomey, ọ̀rọ̀ odindi ọmọ kan rọ̀ mọ́ èèkàn yìí ní Ifangni, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì tíì ṣú tí gbogbo àdúgbò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Òjò ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àmínátù ń ro ògì lórí iná nígbà tí ó gbọ́ igbe ewúrẹ́ rẹ̀, igbe náà sì ń lọ, kò dúró lójú kan. Kí ó tó sáré yí ilé ìdáná po, Honoré, aládùúgbò wọn, ti ń wọ́ ẹran náà lọ sí àgbàlá tirẹ̀, tòun ti okùn, tòun ti èèkàn. Èèkàn náà ń fò tẹ̀lé wọn lórí ẹrẹ̀. Àmínátù rí i pé ṣóńṣó rẹ̀ ti kán, ojú ibi tí ó ti kán funfun bí ẹ̀kọ. Kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń wọ́ ẹran rẹ̀ lọ kì í wo ẹnu èèkàn.

Scholastique, ìyàwó Honoré àti ìyá Clémentine, dúró lẹ́bàá poro àgbàdo rẹ̀, ó káwọ́ lérí. Poro náà ni ààlà ilé méjèèjì, ó gún gbọnrangandan bí okùn tí a nà. Àgbàdo ibẹ̀ kò tíì ju ewé mẹ́ta lọ. Nǹkan ti jẹ ìdajì rẹ̀ dé ilẹ̀.

Òfin àdúgbò yẹn kò lẹ́ka. Bí àgbàdo bá ti yọ, gbogbo ẹran gbọ́dọ̀ wà lókùn. Ẹran tí ó bá jẹ ọ̀gbìn ẹlòmíràn, ó ti di ti ọlọ́gbìn nìyẹn.

Àmínátù ní ewúrẹ́ òun kò lè dé ibẹ̀. Ó ní lánàá, nígbà tí òun rí i pé àgbàdo ti ń yọjú, òun fa èèkàn tu, òun sì gbé e sẹ́yìn, jìnnà sí poro.

"Ta ló rí ọ, Ìyá Sàdíátù?" Scholastique bi í.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ìrọ̀lẹ́ ni, ó ń kánjú, ẹ̀gẹ́ tí kò tíì bó tán ń dúró dè é nílé ìdáná.

Scholastique na ìka sí ihò kan nínú koríko. "Ihò èèkàn rẹ nìyẹn. Ó jìn, ó sì dán. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni sí àgbàdo mi. Ibi tí a bá so ẹran mọ́ ni ẹran ti ń jẹ."

Ihò èèkàn ni lóòótọ́. Ní Ifangni, ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sí ẹran nípò kí ó lè rí koríko tuntun jẹ, kò sì sí ẹni tí ń dí ihò àtijọ́. Ihò tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè kó sí, kí la fẹ́ dí i fún? Àmínátù wá ihò tuntun tirẹ̀ títí. Òjò ti rọ̀, pátákò ẹran ti po ilẹ̀ bí ẹni po amọ̀. Ó fọwọ́ tẹ ibí, ó fọwọ́ tẹ ọ̀hún, ẹrẹ̀ nìkan ló ń bá pàdé. Àwọn tó ti ń pé jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Nínú ilé, Làmídì ọkọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dìde lórí ẹní. Ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fà lọ tà ní ọjà Igolo lọ́la. Owó rẹ̀ ni Sàdíátù ọmọ wọn yóò fi wọkọ̀ padà sí kọ́léèjì ní Àjàṣẹ́, òun náà ni yóò fi san owó ìdánwò brevet. Ilé ìwé ti ní bí kò bá dé ní ọjọ́ Ajé, kí ó má wulẹ̀ wá mọ́. Bí kò bá sì sí ewúrẹ́, Yésúfù wà. Yésúfù ń ta aṣọ ní Igolo, ó ní ìyàwó méjì, ó ń wá ẹ̀kẹta tí yóò máa ka ìwé ẹrù fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

"Bon, ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Làmídì wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. "Ọlọ́run ti bá wa parí ọ̀rọ̀."

Àmínátù gbé abọ́ ògì síwájú rẹ̀. Ó bi í bóyá Ọlọ́run ni orúkọ tí Honoré ń jẹ́ báyìí. Làmídì ní kí ó má fi ẹnu ba ọjọ́ Jímọ̀ òun jẹ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ọmọ ọwọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lagbé ti ń pọn ọmọ. Ó ní òun kọ́ ló ní kí ó má kàwé mọ́, àìsí ni.

"Nígbà tí àìsí fẹ́ dá ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró," Àmínátù dá a lóhùn, "ọ̀pẹ méje la fi dógò."

 Làmídì wo abọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án. Ògì tutù níwájú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dì.

Àmínátù gbé ìkòkò, ó kọrí sí kànga. Ọ̀rọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń fi ẹnu pa á bí ẹni pa ẹ̀pà. Ẹnìkan ní ewúrẹ́ yẹn ló ní làákàyè jù nínú ilé Làmídì, òun ló mọ̀ pé ọmọ ti tó í lọ sílé ọkọ. Òmíràn ní ìwé tí obìnrin bá kà, ìdí ààrò ló ń parí sí, èéfín ní ń kà á gbẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún fún un kí ó rí àyè pọnmi, nítorí wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí wọ́n ti ṣe fún àwọn náà rí ni wọ́n ń sọ. Àmínátù pọnmi rẹ̀, ó gbé e rù. Ṣùgbọ́n omi orí rẹ̀ ń dà sí i léjìká títí ó fi délé, omi tí kì í dà tẹ́lẹ̀.

Ní ẹ̀yìnkùlé, ó bá Sàdíátù lórí ìkúnlẹ̀. Kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ koríko bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́.

"Ìyá mi, ẹ wá wo ibí."

Àmínátù kò rí nǹkan kan àfi koríko. Ọmọ náà fi ìka tọ́ ọ fún un. Lápá ọ̀hún, níbi tó jìnnà sí poro, wọ́n ti jẹ koríko kan ní àjẹtuntun, omi rẹ̀ ṣì ń yọ lójú gígé. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n jẹ, etí rẹ̀ nìkan ni, ó sì tẹ̀ kọdọrọ bí etí igbá tó fọ́ tí ó ku ẹ̀là kan.

"Kí ló dé tó fi fo èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó lọ jẹ ti ọ̀hún?" ni Sàdíátù bi í.

Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé o kò mọ ewúrẹ́ ni? Á kọ́kọ́ na okùn rẹ̀ tán ná. Koríko òkèèrè ló ń dùn lẹ́nu ewúrẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o," ni ọmọ náà wí, ó sì dìde. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe Bàbá Ṣàngóyẹmí."

Bàbá Ṣàngóyẹmí ni àgbà tí ń parí ìjà ní àdúgbò yẹn. Ó dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un. Ó ní kí Àmínátù sọ tirẹ̀, kí Scholastique sọ tirẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó wá bi Honoré pé ihò wo gan-an ni ó ti fa èèkàn. Honoré ní ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, òjò ń kán, ṣùgbọ́n ihò tí gbogbo ayé ń wò yẹn náà ni. Ilẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ bó ti ń wí i.

Bàbá dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ihò náà dé poro: mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n na okùn ewúrẹ́, kí wọ́n sì ka ọrùn ẹran mọ́ ọn: márùn-ún. Okùn gùn ju ọ̀nà lọ. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Scholastique tún ìró rẹ̀ ró. Làmídì ti dé fìlà, ó gbójú sókè wo oòrùn, ó ń ro ìrun Jímọ̀. Àmínátù mọ̀ lára rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń pa dé, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn láti ẹ̀yìn wá.

Sàdíátù kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá fi ní kí ó tún un sọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìgbésẹ̀ yín."

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ náà mú ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, ó ní kí Bàbá gbẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gé e síbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fi ẹsẹ̀ ara òun rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Ìgbésẹ̀ Bàbá ni yóò wọn ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nígbà náà ni Bàbá tún jókòó, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Sàdíátù ti gbàgbé ìtìjú. Ó ní ibikíbi nínú ẹ̀yìnkùlé yìí ní orúkọ méjì, bí ènìyàn ti ń ní orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Orúkọ kìíní ni bí ó ti jìnnà tó sí ògiri ilé ìdáná. Orúkọ kejì ni bí ó ti jìnnà tó sí poro àgbàdo. Ògiri àti poro pàdé ní igun. Ó fi etí ìwé rẹ̀ wọn igun náà kí wọ́n lè rí i pé kò wọ́. Ẹni tó bá mọ orúkọ méjèèjì, ó ní, kò lè ṣìnà.

"Pe ihò yìí lórúkọ," ni Bàbá wí, ó fi ọ̀pá tọ́ka.

Ó fi ọparun wọ̀n ọ́n. "Mẹ́fà sí ògiri. Mẹ́rin sí poro."

"Ó dáa. Máa bá a lọ."

Ó rìn lọ sí etí koríko tí ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ó gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀ lórí rẹ̀. Òkúta kìíní, mẹ́ta sí ògiri, méjìlá sí poro. Ìkejì, mẹ́sàn-án sí ògiri, méjìlá sí poro. Ìkẹta, mẹ́wàá sí ògiri, mọ́kànlá sí poro. Ó ń kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀ bó ti ń wọ̀n wọ́n, Bàbá sì ń tún wọn kà sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Okùn kan kì í gùn lápá kan kó kúrú lápá kejì," ni Sàdíátù wí. "Nítorí náà, ibi tí èèkàn wà gbọ́dọ̀ jìnnà dọ́gba sí òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ọ̀rọ̀ yìí kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Kò sí ẹni tí kò so ẹran rí níbẹ̀. Ó ní òkúta kìíní àti ìkejì dọ́gba sí poro. Ọ̀kan wà ní mẹ́ta, ọ̀kan wà ní mẹ́sàn-án sí ògiri. Àárín méjèèjì gẹ́lẹ́ ni èèkàn ti gbọ́dọ̀ dúró: mẹ́fà. Àmínátù fi ọwọ́ rẹ̀ kà á lábẹ́ ìborùn, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.  Òun tí kò jókòó lórí àga ilé ìwé rí, òun náà mọ̀ ọ́n.

Ó ku orúkọ kejì, òkúta ìkẹta ni yóò sì sọ ọ́. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí orúnkún, ó ń kọ nọ́mbà lé nọ́mbà. Ó pa ìlà kan rẹ́, ó tún un kọ. Ẹnìkan ní oorun ti ń kun òun. Honoré ní ṣé nítorí ìwé ọmọdé ni àgbàlagbà yóò ṣe dúró lóòrùn. Làmídì wo oòrùn, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀.

"Mẹ́jọ," ni Sàdíátù wí. "Mẹ́fà sí ògiri, mẹ́jọ sí poro."

Kò sí ihò níbẹ̀. Ẹrẹ̀ lásán ni, ó dán bí ojú ọbẹ̀.

"Honoré," ni Bàbá Ṣàngóyẹmí wí jẹ́jẹ́, "ìwọ lo fa èèkàn. Ìwọ ni kí o gbẹ́ ẹ."

Wọ́n fún un ní àdá. Ó wọn mẹ́fà sí ògiri, ó wọn mẹ́jọ sí poro, ó fi ẹnu àdá kó ẹrẹ̀ òkè kúrò, bí ẹni tí kò fẹ́ kó nǹkan. Lábẹ́ ẹrẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ yọ, ó ní ojú róbótó kan tí omi kún. Àdá kan nǹkan. Kì í ṣe òkúta, ohùn rẹ̀ kò dún bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí ó fọwọ́ mú un jáde.

Ṣóńṣó igi ni, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ojú ibi tí ó ti kán funfun bí ẹ̀kọ.

Àmínátù ni ó lọ mú èèkàn wá láti àgbàlá Honoré, òun fúnra rẹ̀. Bàbá fi èkínní lé èkejì. Wọ́n wọ ara wọn bí eyín òkè àti tìsàlẹ̀.

 Sàdíátù ní Ìyá Clémentine kò purọ́ o. Ihò tí wọ́n rí, ihò èèkàn ni, ṣùgbọ́n ti ọjà tó kọjá ni, nígbà tí àgbàdo ṣì wà nínú ilẹ̀. Láti ihò tuntun, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ewúrẹ́ lè dé, poro sì wà ní mẹ́jọ. Ó ku mẹ́ta gbáko kí ẹnu rẹ̀ tó kan àgbàdo. Bàbá wọn mẹ́ta yẹn fúnra rẹ̀, ó sì dúró síbi tó parí sí, ó yíjú wo àgbàlá Honoré lọ títí. Àwọn ènìyàn bá a wò. Àgbò Honoré dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, okùn ọrùn rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ẹnu okùn náà rí jagajaga bí ohun tí wọ́n fi eyín gé.

"Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, kò parí rẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá ewúrẹ́ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọparun ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó mú dání, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Scholastique ló fa ewúrẹ́ wá. Ó ti fi omi fọ ẹsẹ̀ ẹran náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Àmínátù bu ẹ̀kọ tútù fún un pẹ̀lú ata díndín, ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ àgbàdo, wọn kò sọ̀rọ̀ àgbò. Nígbà tí ó fẹ́ lọ, ó bi Sàdíátù láì wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan tó ṣe yẹn, ọmọbìnrin bíi Clémentine lè kọ́ ọ. Clémentine ti pé ọdún méje, kò tíì débi ilé ìwé.

"Ó lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Ìyá," ni Sàdíátù wí.

Scholastique mi orí, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n Yésúfù dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ bó ti wí, nínú ìró tuntun, pẹ̀lú ṣúgà olódindi méjì tí a fi ìwé aláwọ̀ búlúù wé. Àmínátù gbé àga fún un, ó sì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkàn rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ewúrẹ́ ti padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Làmídì kò tíì sọ èsì tí yóò fún àlejò. Ó gbọ́ bí àlejò ti ń ka oore Yésúfù: ilé alápáàdì, kẹ̀kẹ́, aṣọ tí kò lóǹkà. Ó gbọ́ bí Làmídì ti ń dáhùn ní "ẹ ṣé, ẹ ṣé." 

"Ẹ bá mi kí Yésúfù," ni Làmídì wí níkẹyìn. "Ẹ ní mo dúpẹ́. Ẹ ní ọmọ mi ń padà sí Àjàṣẹ́ lọ́la. Èmi fúnra mi ni mo máa fa ewúrẹ́ dé Igolo."

Àlejò ní ṣé kò sí ohun tí ó kù lẹ́yìn ìyẹn. Làmídì ní ó kù: kí wọ́n má gbàgbé ṣúgà wọn.

Nígbà tí obìnrin náà ti lọ, Làmídì béèrè oúnjẹ. Ó ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣẹ̀ ẹ́. Àmínátù gbé e fún un, ó dúró wò ó bó ti ń jẹ. Ó ń jẹ, ó ń fi ìka ọwọ́ òsì fa ìlà sórí ẹní: ọ̀kan báyìí, ọ̀kan báyìí, igun.

"Mẹ́jọ yẹn," ni ó wí, ẹnu rẹ̀ kún, "báwo ló ṣe rí i?"

"Ọmọ rẹ ni," ni Àmínátù wí. "Pè é, kí o bi í."

Ó gbọ́ bó ti ń pe Sàdíátù, ó gbọ́ bí ìwé ti ń ṣí. Òun jáde sí ẹ̀yìnkùlé kí ìmọ́lẹ̀ tó tán. Ihò èèkàn pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti rò lọ, ti ọjà yìí, ti ọjà ọ̀hún, ti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi gìgísẹ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ sí wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi le. Ó dí gbogbo wọn. Nígbà tí ó kan èyí tí ó wà ní mẹ́fà sí ògiri, mẹ́jọ sí poro, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rò ó, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.